Mo hú òkúta dúdú tó wúwo bí irin lóko bàbá wa: ẹ bá mi dá a mọ̀

Àgbẹ̀_Ìjẹ̀búIgbó

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Oko bàbá wa wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, lápá ibi tí ènìyàn ń gbà lọ sí odò Ọ̀ṣun. Kòkó ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kòkó ti gbó, a gé e, a fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ ebè lọ, ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà, gbà. A wa ibẹ̀ wò, òkúta la bá, wọ́n sì pọ̀.

Mo kó mẹ́ta wálé. Èkíní pupa, ihò wẹ́wẹ́ wà káàkiri ara rẹ̀ bí afárá oyin. Èkejì dúdú, ó ń dán bí ìgò níbi tó ti fọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì rí bí àbẹ́là tó yọ́ ṣàn sílẹ̀ tó tún dì. Ẹ̀kẹta ni mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò tóbi ju àgbọn tí wọ́n ti bó lọ, àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan gbé e, ọwọ́ mi yẹ̀, díẹ̀ ló kù kó jábọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo gbé e sún mọ́ wọn. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta gbàgbà, ó fa èkejì díẹ̀, èkíní ò dá a lóhùn rárá.

Ọkùnrin kan tó máa ń ra àjákù irin ládùúgbò rí i, ó ní òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni, òun á fún mi ní ₦15,000 lójú ẹsẹ̀. Kò pé wákàtí méjì, ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun á san ₦40,000. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tirẹ̀ sọ pé edùn àrá ni, kí n dá a padà síbi tí mo ti mú un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè ṣe nílé tí máa fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi?

Ìyá_Onígàrí_Òrù

Ọmọ mi, má tíì tà á. Ẹni tó fi ₦25,000 lé owó láàárín wákàtí méjì láìjẹ́ pé o ná an lọ́jà, ó ti lọ bi ẹlòmíràn léèrè nìyẹn. Ìwọ náà bèèrè kí o tó dá a lóhùn. Gbé òkúta náà sínú yàrá, kì í ṣe sójúde.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ lò yẹn dára, àmọ́ òun nìkan ò tó. Ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà pọ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Kí ẹ tó gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, ẹ wọn àwọn òkúta náà ná.

Ẹ yá síkéèlì tí wọ́n ń gbé nǹkan kọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran tàbí ẹlẹ́ja. Ẹ fi okùn ọ̀rá so òkúta dáadáa, ẹ gbé e kọ́, ẹ kọ iye kílò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìtú u kúrò lára síkéèlì, ẹ jẹ́ kó rì sínú garawa omi pátápátá. Kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ garawa, kò gbọdọ̀ fara kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí i pé kílò rẹ̀ dín kù. Ẹ yọ iye kejì yìí kúrò nínú ti àkọ́kọ́ kí ẹ lè mọ iye tí omi bá a gbé. Ẹ wá fi iye tí omi bá a gbé yẹn pín iye àkọ́kọ́. Ká ní kílò 3 ni lókè, tó sì di kílò 2 nínú omi: omi bá a gbé kílò 1, a pín 3 sí 1, ó jẹ́ 3. Òkúta yẹn wúwo tó ìlọ́po 3 omi tó gba àyè kan náà.

Iye tí ẹ bá rí ló máa sọ̀rọ̀. Akọ òkúta tí wọ́n ń fọ́ fún ilé kíkọ́ kì í ju nǹkan bí 2.7 lọ, òkúta funfun gbalaja tó ń dán bí ìyọ̀ jẹ́ 2.65. Yangí máa ń wà láàárín 2.5 sí 3.5, ó wà lọ́wọ́ bí irin inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Òkúta tó jẹ́ ojúlówó irin ilẹ̀, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń yọ́ kí wọ́n tó rí irin, máa ń sún mọ́ 5, òmíràn á lé díẹ̀. Irin gidi fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 8. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta o, nítorí síkéèlì ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àfọ́kù táìsì. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi òkúta fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Àwọ̀ ìlà yẹn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ ara òkúta lọ, torí oòrùn àti òjò lè pa ara òkúta láwọ̀ dà, wọn ò lè pa ìyẹ̀fun rẹ̀ dà. Bí ìlà náà bá pupa bí osùn, hẹmatáìtì ni, irú òkúta irin kan. Bó bá dúdú bí èédú tí mágínẹ́ẹ̀tì sì ń fà á gan-an, mágínẹ́táìtì ni, òun náà jẹ́ irú òkúta irin kan. Bó bá pupa rúsúrúsú bí ata ilẹ̀, irin tí omi ti mú dípẹtà tipẹ́ ni, èyí tó pọ̀ jù nínú yangí wa. Bí kò bá fa ìlà kankan, ẹ padà wá sọ fún wa.

Agbẹ́kànga_Rẹ́mọ

Èyí tó pupa tó ní ihò yẹn, yangí ni, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbẹ́ kànga láti Ìpẹru dé Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣágámù, yangí ló ti fọ́ dígà mi jù. Ẹ máa kọ́kọ́ bá ilẹ̀ pupa tó rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ́ bá òkúta wẹ́wẹ́ bí èkùrọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni pẹpẹ yangí fúnra rẹ̀ máa ń dé. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni ó máa ń le sí i. Èyí tí ẹ lè fi àdá gé lónìí, tí ẹ bá fi sílẹ̀ sínú oòrùn títí di ọdún tó ń bọ̀, òòlù ló kù.

Ohun tó ń mú u jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé òjò ti ń fọ ilẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó lè bá omi lọ ti bá omi lọ, irin ò lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè lásìkò òjò, á tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni irin ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú, kó lọ wo ògiri Eredò Súngbọ́ lápá Òkè-Ẹ̀rí. Yàrà yẹn yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí kìlómítà 160, ògiri rẹ̀ ga tó mítà 20 níbòmíràn, ó ti lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí òjò ti ń rọ̀ sí i, kò wó. Ilẹ̀ pupa yìí ló mú un dúró.

Ní ìsàlẹ̀ Ṣágámù, mo máa ń bá òmíràn tó rí roboto, dúdú lóde, tí ẹ bá mì í á máa dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé wúrà wà nínú rẹ̀. Mo ti fọ́ tó ogún. Iyanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pupa ló ń wà níbẹ̀. Irin ló dì yí iyanrìn ká bí èèpo.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: tí ẹ bá rí yangí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sí oríta tàbí ẹnu ọ̀nà abà, tí epo ti gbẹ sí i lára, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìdí Èṣù nìyẹn. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ìdí tó fi gbé e síbẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Òkúta kejì yẹn ló mú mi dìde jókòó. Tó ń dán bí ìgò, tó ṣàn bí àbẹ́là, tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á díẹ̀? Ìdàrọ́ nìyẹn o. Kì í ṣe òkúta tí Ọlọ́run dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni.

Bàbá tó bí bàbá mi rọ irin, òun ló sì sọ ọ́ fún wa pé kí òyìnbó tó máa kó irin wọlé nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn baba tiwọn máa ń yọ́ irin fúnra wọn láti inú òkúta. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ààrò tó ga, wọ́n á da èédú àti òkúta irin sí i lélẹ̀lélẹ̀, wọ́n á wá máa fẹ́ ẹwìrì sí i láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Irin á kó ara jọ bí kànrìnkàn sí ìsàlẹ̀. Ìdọ̀tí inú òkúta á yọ́, á ṣàn jáde, á dì. Ìdọ̀tí yẹn ni ìdàrọ́. Ilé wa ní Ìpẹru ṣì ní ẹyọ kan nídìí Ògún, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi.

Ẹ wo ara tiyín dáadáa. Ìdàrọ́ máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ nínú, bí ti búrẹ́dì. Nígbà míràn ẹ máa rí ojú èédú lára rẹ̀, ibi tí igi tó jó tẹ̀ ẹ́ sí nígbà tó ṣì rọ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ má wulẹ̀ bèèrè mọ́. Ẹ padà sóko, ẹ wá amọ̀ tó jóná tó ní ihò gbọọrọ nínú. Ẹnu ẹwìrì ni ìyẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú iná.

Ọmọ_Ṣágámù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá èyí pọ̀ mọ́ ọn. Mo rí òkúta kan níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí wa, ó ń tàn bí idẹ, igun rẹ̀ ṣe rẹ́gí bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ó wúwo díẹ̀. Ṣé wúrà ni? Mo ti ń gbèrò láti gbé e lọ fún ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò kó bá mi lọ̀ ọ́.

Jiọ́lọ́jì_Àgọ́Ìwòyè

Ọmọ Ṣágámù, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ata o. Mo bẹ̀ yín.

Ohun tí ẹ sọ yẹn jọ páírátì, irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ dì í. Wúrà rọ̀, ẹ lè fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú rẹ̀ kó jìn. Páírátì á fọ́ wẹ́wẹ́. Ìlà rẹ̀ lẹ́yìn táìsì dúdú, bẹ́ẹ̀ ìlà wúrà á pọ́n bí wúrà. Ẹ má fi í sínú iná, èéfín rẹ̀ ń pa ọ̀nà ọ̀fun lára.

Nípa ẹ̀rọ ata: ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé gbé òkúta tí wọ́n ń wá wúrà nínú rẹ̀ wálé, wọ́n lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí, ó wọ oúnjẹ. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Ojú lásán ò lè sọ ohun tó wà nínú òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ ha òkúta, kó ṣe é ní ìta, kó rẹ ẹ́ lómi kí eruku má fò, kó wẹ ọwọ́, kó má lo ohunkóhun tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wá sórí tiyín. Ọ̀rọ̀ òkúta ojú ọ̀run kì í ṣe ìtàn àsọdùn, ó ti já bọ́ ní Nàìjíríà rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ní Zagami, lápá Kàtsínà, ń lé ẹyẹ kannakánná kúrò lóko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 3 sí i. Ó wọlẹ̀ tó ìdajì mítà àti díẹ̀. Kílò 18 ni. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé láti ara pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló ti wá. Ní ọdún 1984 òmíràn já bọ́ ní Gujba, ní Yobe, àwọn ènìyàn sì fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó débẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ má fọ́ ọ.

Àmọ́ irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ó sì ní àmì. Èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń bò ó, kì í nípọn ju èèpo ẹyin lọ, nítorí iná tó jó o lójú ọ̀run kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Òmíràn máa ń ní ojú jíjìn wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Kì í ní ihò afẹ́fẹ́ nínú. Lẹ́yìn táìsì, kì í sábà fa ìlà tó ṣe gúnmọ́. Èyí tó ṣe kókó jù: tí ẹ bá fi fáìlì ha igun rẹ̀ kan, lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ máa rí irin funfun tó ń tàn gidi, bóyá tóótòòtó, bóyá gbogbo rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì, irú mẹ́tàlì mìíràn, sì máa ń wà nínú irin náà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ máa ń wà láàárín 3.3 sí 3.7. Tó bá jẹ́ irin pátápátá, ó máa ń tó 7 sí 8. Ẹ sì ṣíwọ́ mágínẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi mọ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára máa ń pa ohun tí àwọn onímọ̀ fẹ́ kà nínú òkúta ojú ọ̀run rẹ́.

Ẹ ò sọ fún wa bóyá fáìlì ti kàn án.

Ìyá_Onígàrí_Òrù

Ẹ bá mi dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lóhùn pẹ̀lú. Kò yẹ ká fojú di ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní edùn àrá kan tó jogún. Ó ń dán, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kan bí ẹnu àáké, kò sì wúwo ju òkúta mìíràn lọ.

Jiọ́lọ́jì_Àgọ́Ìwòyè

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Edùn àrá máa ń ní ẹnu bí àáké torí àáké ni lóòótọ́: àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló pọ́n ọn láti ara òkúta líle. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó níyì ni, yálà ènìyàn ń bọ Ṣàngó tàbí kò bọ ọ́. Èyí tí ẹ̀gbọ́n júwe kò ní ẹnu, kò ní ìrísí àáké. Tí wọ́n bá rí èyí tó ní i lóko yẹn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìjẹ̀búIgbó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Mo yá síkéèlì lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan, mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí.

Èyí tó pupa: kílò 0.9 lókè, 0.57 nínú omi. Mo pín in, ó fún mi ní nǹkan bí 2.7. Ìlà rẹ̀ rúsúrúsú bí ata ilẹ̀ lóòótọ́. Agbẹ́kànga, ẹ gbà á.

Èyí tó ṣàn: kílò 1.2 lókè, 0.85 nínú omi, ó jẹ́ 3.4. Mo fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹrẹ̀ kúrò, mo rí ihò afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, mo sì rí ibì kan tó tẹ̀ wọlé tó ní ìlà tẹ́ẹ́tẹ̀ẹ̀tẹ́ lára bí ti igi. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó fi ìka tọ ìlà yẹn, ó ní, “Èédú ló wà níbí.” Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa ohun tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ kọ.

Ẹ̀kẹta: kílò 2.6 lókè, 2.05 nínú omi. Iye tó jáde jẹ́ 4.7. Ìlà rẹ̀ dúdú, pupa díẹ̀ wà létí rẹ̀. Mo rẹ igun rẹ̀ lómi, mo fi fáìlì tí mo fi ń pọ́n àdá ha á títí ọwọ́ fi ń ro mí. Irin funfun kankan ò tàn nínú rẹ̀. Dúdú ló wà nínú, ó ń ta wẹ́wẹ́ bí ṣúgà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn. Nígbà tí ìyẹ̀fun rẹ̀ gbẹ lórí páálí, mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páálí, gbogbo ìyẹ̀fun náà dìde dúró bí irun ara ológbò.

Tíṣà_Físíìsì

4.7, ìlà dúdú tó ní pupa létí, kò sí irin funfun. Kì í ṣe òkúta ojú ọ̀run. Ẹ kú iṣẹ́ gidi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fi sùúrù wọ̀n ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Jiọ́lọ́jì_Àgọ́Ìwòyè

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mágínẹ́táìtì ló pọ̀ nínú rẹ̀, apá kan rẹ̀ ti ń di hẹmatáìtì, ìyẹn ló fa pupa etí ìlà. Ó bá ilẹ̀ apá tiyín mu. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè lọ sókè, akọ òkúta àtijọ́ tí ooru inú ilẹ̀ ti pa dà ló wà lábẹ́ wa, mágínẹ́táìtì sì máa ń wà nínú irú rẹ̀. Ẹ lọ sí ìṣàn omi èyíkéyìí lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ máa rí iyanrìn dúdú tí mágínẹ́ẹ̀tì ń kó. Láti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù lọ sí gúúsù, iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Agbẹ́kànga ń bá lọ́hùn-ún fi yàtọ̀ sí tiyín.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Òkúta irin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òkúta Ìtakpẹ́ ní Kogí, tí nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ irin, ojú irin ni wọ́n là fún kíkó rẹ̀. Ẹyọ kan tó tó àgbọn kò tó nǹkan lọ́jà. ₦40,000 tí ọkùnrin yẹn dá lé e, òkúta ojú ọ̀run ló rò pé òun ń rà.

Ìbéèrè tí mo ní ni pé: ṣé ẹ rí irú ẹ̀kẹta yẹn lára àpáta kankan lóko náà, àbí àárín ìdàrọ́ nìkan ló wà?

Abẹ́_Òfin_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin kún un kí ìdẹwò má bàa wọlé. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 sọ ọ́ ní gbangba pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ tàbí lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé yín. Ẹ lè gbin ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀, ẹ lè kọ́lé, àmọ́ wíwa kùsà àti títà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó o l'Ábújá. Ẹni tó bá wá sọ pé òun máa fún yín ní owó kékeré kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kí òun lè wa ilẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò ṣáájú kí òun tó rà á, ẹ lé e lọ. Mo ti rí ìdílé tó ta igi kòkó láti san owó àyẹ̀wò yẹn. Ẹni tó gba owó ò padà wá.

Ní ti ìdàrọ́, òfin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 dáàbò bo irú rẹ̀. Ẹ má wú u, ẹ má kó o lọ sílé. Ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà, kí ẹ fi bíró tàbí ìgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ fi fóònù gba àmì ibi tí ó wà lórí máàpù, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó padà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti wú u kúrò ní ipò rẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ lè kà lára rẹ̀ dín kù gan-an. Èédú tó wà láàárín rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọdún tó ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá da èédú yẹn nù ti da ọjọ́ orí iṣẹ́ àwọn baba wa nù.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ìbéèrè Jiọ́lọ́jì yẹn ló wà lọ́kàn mi láti àná. Tó bá jẹ́ àárín ìdàrọ́ nìkan ni òkúta wúwo yẹn wà, ẹsẹ̀ ènìyàn ló gbé e débẹ̀. Bàbá àgbà máa ń sọ pé àwọn tó ń yọ́ irin máa ń rìn jìnnà láti wá òkúta tó dára, wọ́n á rù ú wá sí ibi tí igi tó ń ṣe èédú tó jó kooko wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó kù tí wọn ò rí dà sínú ààrò. Ẹ padà lọ wo oko náà, mo bẹ̀ yín. Amọ̀ tó jóná, tó ní ihò.

Àgbẹ̀_Ìjẹ̀búIgbó

Mo ti ti oko dé. Bàbá mi bá mi lọ, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, a rọra rìn.

Kò sí àpáta kankan tó ní irú òkúta kẹta yẹn lóko wa. A rí ẹyọ mẹ́rin mìíràn, gbogbo wọn wà láàárín ìdàrọ́, kò sí èyí tó jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìdàrọ́ fúnra rẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ó ṣe òkìtì kan tó lọ sílẹ̀, koríko bò ó, gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé orí rẹ̀ la máa ń jókòó jẹun ọ̀sán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, níbi tí òjò ti fọ ilẹ̀, bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ tọ nǹkan kan. Amọ̀ ni, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi méjì, ó ti fọ́ lápá kan. Ihò tó wà nínú rẹ̀ gba àtàǹpàkò mi wọ̀ọ́. Ẹnu rẹ̀ kan ti jó di ìgò dúdú, ẹnu kejì ṣì pupa bí ìkòkò. A rí òmíràn ní nǹkan bí mítà kan sí i. A ò wú wọn. Mo ya fọ́tò, mo fi bíró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, a bò wọ́n padà.

Bàbá mi dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ibi tí a wà yìí, Ìdí Ìdàrọ́ ni bàbá òun máa ń pè é, pé tí wọ́n bá rán òun níṣẹ́ oko, wọ́n á ní kí òun bẹ̀rẹ̀ láti Ìdí Ìdàrọ́. Ó rò pé orúkọ ènìyàn kan tó ti kú ni. Kò bèèrè rí.

A ti fi okùn yí òkìtì náà ká, a ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ láti apá kejì. Ọkùnrin yẹn tún pè ní àárọ̀ yìí, ó ní ₦60,000. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ti títà, mo sì sọ ohun tó jẹ́ fún un kó má bàa tún fi owó rẹ̀ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Jiọ́lọ́jì, ẹyọ kan ni máa gbé wá sí yunifásítì yín l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn olùkọ́ yín. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, tí àyè bá wà, ẹ jẹ́ ká pàdé ní gáréèjì Òrù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bàbá mi fẹ́ rí ẹni tí wọ́n ti fẹ́ ẹwìrì nílé rẹ̀, ó ní òun ní ìbéèrè láti bi í.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni màá ti débẹ̀. Màá mú ẹyọ tó wà nídìí Ògún wa dání, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín wò.